Ọjọ́ Tí Wọ́n Sin Nọ́ọ̀sì Tinú

Èmi kì í yẹ àdéhùn. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo fi wa bọ́ọ̀sì ní London yìí. Bí mo bá ní aago márùn-ún àárọ̀ ni màá dé gáréèjì, aago márùn-ún ni. Àsúmáù ìyàwó mi máa ń sọ pé orí mi le ju ògiri lọ. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n olórí líle kì í gbàgbé ohun tó bá ṣèlérí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi dùn mí wọra, torí ọmọ kan ṣoṣo tí mo ní ni mo yẹ àdéhùn fún, lójú aládùúgbò, pẹ̀lú dòdò lẹ́nu.

Eré kan wà lórí tẹlifíṣàn tí wọ́n ń pè ní Marrow Green. Abúlé òyìnbó ni. Odò kan, afárá kan, ṣọ́ọ̀ṣì kan, ilé ọtí kan. Pásítọ̀ wọn kì í gun kẹ̀kẹ́ kó má já bọ́. Obìnrin tó ń ta sítáńbù mọ ọ̀rọ̀ inú gbogbo ilé. Àgbẹ̀ oníbìínú kan wà níbẹ̀, Mr Tull, tí àwọn pẹ́pẹ́yẹ rẹ̀ kì í gbélé, tí òun náà kì í sì í gbà pé wọ́n jáde. Ọdún kẹtàlá rèé tí mo ti ń wò wọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, tí mo ń bú wọn, tí mo sì ń rẹ́rìn-ín. Àsúmáù bi mí lọ́jọ́ kan pé kí ni mo rí lára àwọn òyìnbó oko yẹn. Mo ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo rí níbẹ̀: ibi tí gbogbo èèyàn ti mọ ohun tí o jẹ lánàá, tí wọ́n sì ti jókòó pinnu pé kò yẹ kí o jẹ ẹ́.

Yusrah ọmọ wa ń kọ́ iṣẹ́ apòògùn ní yunifásítì nígbà kan. Ní ọdún kejì, ó wá bá mi nílé wa ní Peckham níbí, ó ní òun ti fi í sílẹ̀, eré ṣíṣe ni òun fẹ́. Mo bínú. Mi ò ní purọ́, oṣù mẹ́jọ ni mi ò fi bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tí a sì parí ìjà, mi ò lọ wo eré rẹ̀ kankan. Ó ṣe ọ̀kan ní yàrá kan lókè ilé ọtí ní Walworth. Mo ní orúnkún mi kò gbé àtẹ̀gùn ilé ọtí. Ó ṣe ọlọ́pàá lórí tẹlifíṣàn, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni wọ́n yà. Mo ní mo ti mọ ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rín yẹn kò dé ojú rẹ̀, mo sì rí i, mo sì ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Lóṣù kẹwàá ọdún tó kọjá ló pè mí lórí fóònù.

"Daddy, ẹ jókòó. Are you sitting down?"

"Mo ti jókòó. Kí ló dé? Ṣé kò sí?"

"I got a part. Marrow Green, Daddy! The special, èyí tí wọ́n máa ṣe fún Bank Holiday. Wákàtí méjì! Like a proper film."

Mo ti dìde kí n tó mọ̀. "Marrow Green wo? Ti Mr Tull?"

"Ti Mr Tull. I'm the new district nurse. Nurse Tinu. I've got bare lines, Daddy, ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ pọ̀ gan-an, I swear."

"Kí ló máa ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀? Ṣé wọ́n máa tún afárá yẹn ṣe?"

"I can't say. Wọ́n ní kí n sign paper. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ mọ̀, not even you and Mummy." Ohùn rẹ̀ wá rẹlẹ̀. "But promise me something. Ẹ máa wò ó dé ìparí. Kì í ṣe ten minutes, kí ẹ wá lọ make tea. Dé ìparí, Daddy."

"Mo ṣèlérí," ni mo wí. Mo sì mọ ohun tí ọmọ yẹn ń bẹ̀ mí fún. Kì í ṣe wákàtí méjì. Ó fẹ́ kí n rí òun.

Ọjọ́ pé. Ọjọ́ Ajé Bank Holiday, ọjọ́ ìsinmi ìjọba, lóṣù karùn-ún, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Mo ti kírun Alásárì, mo wọ jalabíà funfun, mo dé fìlà bí ẹni tó ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Àsúmáù dín dòdò. Aládùúgbò wa Bernice, tí gbogbo wa ń pè ní Mummy Asher, gbé ìkòkò jollof wọlé. Obìnrin ìjọ ni, inú ilé ìkẹ́rù àtijọ́ kan lẹ́yìn rélùwéè ni wọ́n ti ń jọ́sìn, ohùn rẹ̀ sì máa ń dé ọ̀dọ̀ wa láìfi ẹ̀rọ gbé e. Yusrah wá láti Brockley níbi tó ń gbé, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi bó ṣe máa ń ṣe ní kékeré.

Wákàtí kìíní dùn bí oyin. Yusrah yọ lójú ẹ̀rọ, ó ń wa mọ́tò kékeré kan nínú ẹrẹ̀, ó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì. Mo pariwo. Mo ní, "Ó ń wakọ̀! Ẹ wo bó ṣe dì í mú!" Mr Tull ní kò sí nọ́ọ̀sì tuntun kankan tó máa fọwọ́ kan ẹsẹ̀ òun. Nọ́ọ̀sì Tinú fi ọwọ́ sí ìbàdí, ó ní òun ní àgbàlagbà kan nílé tí orí rẹ̀ le ju tirẹ̀ lọ, òun kò sì tíì pàdánù rí. Mummy Asher ṣubú lé tìmùtìmù.

Mo wo Yusrah nílẹ̀. "Ṣé èmi nìyẹn?"

"I might've added that line myself," ó wí, kò wo ojú mi.

Ẹ̀yin tí ẹ bímọ, ẹ mọ ohun tó ṣe mí ní àyà. Mo rò ó pé ọdún méje ni mo fi jẹ́ òmùgọ̀.

Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ní Marrow Green. Odò kún, omi gbé afárá lọ. Obìnrin kan ń rọbí ní òdìkejì. Nọ́ọ̀sì Tinú so okùn mọ́ ìbàdí, ó la omi kọjá, ó gbẹ̀bí ọmọ náà, àwa níhìn-ín sì ń pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni òtútù mú un. Ibà dé. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí ibùsùn, pásítọ̀ dì í lọ́wọ́ mú, Nọ́ọ̀sì Tinú sì dijú, kò là á mọ́.

Mummy Asher fò sókè. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! I reject it! Back to sender!"

"Aunty, it's acting!" Yusrah ń rẹ́rìn-ín débi pé ó di ikùn mú. "Mo wà níbí! Ẹ wò mí!"

Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo ń sọ fún ara mi pé eré ni. Mo tún un sọ. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin mẹ́fà gbé pósí jáde, Mr Tull ló wà níwájú. Wọ́n gbé e dé ibi tí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ sí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó ń ya àwòrán náà sì gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sókè, ó fẹ́ kí a wo inú kòtò náà.

Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo fa wáyà tẹlifíṣàn yọ lára ògiri, àwo dòdò dà sílẹ̀. Ojú ẹ̀rọ di dúdú.

"Kò sẹ́ni tó máa wo nǹkan yìí nínú ilé mi," ni mo wí. Mo ké e ni.

"Daddy?"

Mo ti wọ bàtà. Bí mo ṣe ń fa ilẹ̀kùn ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn mi: "Two hours. Wákàtí méjì péré ni mo tọrọ. He couldn't even give me that." Láti ìgbà tí pósí yẹn ti yọ ni Àsúmáù náà ti fi ìborùn bo ojú.

Mo rìn dé pápá Peckham Rye, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù, ajá kan wá gbóòórùn bàtà mi. Inú bí mi sí ara mi, ó bí mi sí àwọn tó kọ eré náà, ó tiẹ̀ bí mi sí ajá yẹn. Ọmọ tí wọ́n bí sí London, báwo ló ṣe máa mọ̀? Láàrin tiwa, òbí kì í rí ibojì ọmọ rẹ̀. Bí ọmọ bá ṣáájú òbí lọ, àwọn ẹlòmíràn ni yóò gbé e, àwọn ẹlòmíràn ni yóò sin ín, wọn kò ní jẹ́ kí bàbá tàbí ìyá tẹ̀lé wọn. Ẹni ọmọ sin ló bímọ. Yusrah kò mọ èyí, torí pé a kò sọ fún un. A kò sì sọ fún un torí pé ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa rí.

Nígbà tí mo padà délé, ó ti lọ. Àsúmáù ń ṣa dòdò nílẹ̀.

"Ọmọ yẹn rò pé iṣẹ́ òun lẹ kórìíra, Daddy Yusrah," ó wí. "Ó ní bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe máa ń ṣe."

"Kí ló dé tí o ò ṣàlàyé fún un?"

"Ẹnu tèmi kọ́ ló ṣèlérí."

Obìnrin yìí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n tó bá sọ ọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń ba ibi tó yẹ. Mi ò sùn dáadáa. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Brockley. Mo jókòó sí ìsàlẹ̀ lẹ́yìn awakọ̀, mo ń ṣàríwísí bó ṣe ń tẹ bíréèkì, kí n má baà ronú nípa ohun tí mo fẹ́ lọ sọ.

Yusrah ṣílẹ̀kùn. Ojú rẹ̀ wú. Ó kúnlẹ̀ ìlàjì bó ṣe máa ń kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, Daddy. I'm making eggs." Ó padà sídìí síítóòfù, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Ẹ̀yìn yẹn náà ni mo fi ṣẹ̀fẹ̀ lọ́jọ́sí.

"Mo wá parí ohun tí mo ṣèlérí," ni mo wí. "Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí n ti sọ fún ẹ tipẹ́. O mọ̀ pé o ní ẹ̀gbọ́n."

"Waris. The picture in Mummy's room. Sickle cell." Ó ṣì ń gé àlùbọ́sà.

"Ọmọ ọdún márùn-ún ni. Walworth la wà nígbà yẹn, a ò tíì bí ẹ. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ sin ín, Bàbá Sherifdeen tó jẹ́ àgbà fún gbogbo wa kó èmi àti ìyá rẹ wọ yàrá. Lèmọ́mù ní ẹ̀sìn kò ní kí n má tẹ̀lé ọmọ mi. Bàbá Sherifdeen ní ẹ̀sìn lè má kọ̀ ọ́, àwọn bàbá wa kọ̀ ọ́. Ó ti ilẹ̀kùn. Wọ́n tan tẹlifíṣàn fún wa, wọ́n gbé ohùn rẹ̀ sókè, ká má baà gbọ́ nígbà tí mọ́tò bá ń gbéra. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá. Síbẹ̀, mo gbọ́ ọ. Awakọ̀ ni mí, Yusrah. Mo gbọ́ ìgbà tó yí gíà."

Ó ti pa iná síítóòfù. Ó yíjú sí mi, ọ̀bẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Títí dòní, mi ò mọ bí ibẹ̀ ṣe rí," ni mo wí. "Wọ́n dẹ́kun pípe ìyá rẹ ní Ìyá Waris. Ọdún mẹ́rin ni wọn ò fi mọ ohun tí wọn yóò máa pè é, kí o tó dé. Kò sẹ́ni tó tún fẹ́ kí n wo inú kòtò, àfi lánàá."

"Why did nobody tell me?"

"A kì í sọ ọ́ ni."

"And I laughed." Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó wá jókòó tì mí. "Mo jókòó síbẹ̀, I was laughing."

"O ò mọ̀. Ẹ̀bi wa ni, kì í ṣe tìrẹ. Iṣẹ́ rẹ kọ́ ni mo sá fún. Gbọ́ mi dáadáa: mi ò tíì rí ohun tó dùn mọ́ mi nínú tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí. Ó yẹ kí n ti gun àtẹ̀gùn ilé ọtí yẹn."

Ó sunkún. Èmi náà sunkún, kí n má purọ́. Lẹ́yìn náà, ó nu imú, ó fa kọ̀ǹpútà rẹ̀ jáde lábẹ́ ìrọ̀rí.

"The funeral is four minutes, mo mọ̀ ọ́n to the second. Lẹ́yìn ẹ̀, it's still twenty minutes. You said dé ìparí."

"Yusrah, mi ò lè wò ó."

"Ẹ ò ní wò ó. Ẹ dijú. Èmi ni màá sọ ìgbà tí ẹ máa lajú."

Mo di ojú. Kò fọkàn tán mi, ó tún fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó. Mo gbọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Mo gbọ́ ohùn pásítọ̀. Mo gbọ́ ìró erùpẹ̀ lórí pákó, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó wà lójú mi gbóná, òórùn àlùbọ́sà sì wà lára rẹ̀. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀ létí mi. Mr Tull bú sẹ́kún nínú ẹ̀rọ bí ọmọdé, àgbàyà yẹn.

"Ó ti tán, Daddy. Ẹ lajú."

Mo la ojú. Ó ti sún mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé ojú rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí.

A wo èyí tó kù papọ̀. Wọ́n tún afárá kọ́. Wọ́n sọ ọmọ tuntun yẹn ní Tinú, gbogbo abúlé sì ń pe orúkọ náà bí ẹni ń jẹ iyán gbígbóná. Nígbà tí orúkọ àwọn òṣèré ń gòkè lọ, Yusrah dá a dúró, ó tọ́ka: Yusrah Làtíìfù. Orúkọ mi ló wà lẹ́yìn tirẹ̀, ó ti wà níbẹ̀ ní gbogbo ọdún tí mi ò fi wò ó.

"Daddy," ó wí, "èmi ń kọ́? Ṣé èmi náà ò gbọ́dọ̀ rí Waris?"

"Òbí ni kì í rí i. Àbúrò lè rí i."

Mo yọ pọ́ọ̀sì owó mi. Bébà kan wà níbẹ̀ tí a ká sí mẹ́rin, Bàbá Sherifdeen ló fún mi lọ́sẹ̀ tí wọ́n sin ín: orúkọ itẹ́ òkú àwọn Mùsùlùmí kan lápá ìlà-oòrùn London, pẹ̀lú nọ́ńbà ibojì. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń gbé e láti àpò dé àpò, mi ò tú u wò rí. Mo fi lé e lọ́wọ́.

Ọjọ́ Sátidé ló lọ. Lẹ́yìn ìrun Àìlà, fóònù dún. Àsúmáù gbé e sórí tábìlì, ó tẹ̀ ẹ́ kí àwa méjèèjì lè gbọ́.

"Mummy, Daddy, mo ti débẹ̀," ni Yusrah wí. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lẹ́yìn ohùn rẹ̀. "Ẹ dijú."

Àwa arúgbó méjì di ojú ní pálọ̀ wa ní ọ̀sán gangan.

"There's a tree. Kò tóbi. Koríko wà lórí ẹ̀, it's neat, somebody cuts it. Òkúta kékeré kan wà. Orúkọ ẹ̀ wà lórí ẹ̀."

"Wọ́n kọ orúkọ ẹ̀?" ni Àsúmáù bi í.

"Wọ́n kọ ọ́, Mummy. W-A-R-I-S. Mo fọwọ́ kàn án báyìí."

Ó ka Fátíhà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ṣì í kà níbi méjì, mi ò tún un ṣe.

Mo na ọwọ́ nínú òkùnkùn ojú mi, mo wá ọwọ́ ìyàwó mi títí mo fi rí i. "Ìyá Waris," ni mo pè é.

"Ẹ̀n," ó dáhùn.

Kò sẹ́ni tó la ojú nínú wa, àfi ìgbà tí ọmọ wa sọ pé ká là á.